Àlàfo Tí Ó Wà Lára Apá Ọkọ̀ Òfurufú



Bí a bá wà lóko ní àyíká Gouka níhìn-ín, tí a ń kọ ebè tàbí tí a ń ṣa kajú, a máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú lókè réré nígbà mìíràn. A ó dá ọwọ́ dúró, a ó gbé ojú sókè, a ó sì rí i bí ohun funfun kékeré kan tí ó ń lọ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọdé a máa juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹ́jẹ́ ni ó ń lọ rárá. Ọkọ̀ òfurufú ńlá tí ó ń kó èrò a máa sáré tó nǹkan bí 850 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ẹni tí ó jókòó ti àwo iyán tó jẹun tán kí ó sì fọwọ́, ó ti dé etíkun Kútọ̀nù.

Ní kíláàsì wa, àwọn àgbà ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé, "Tíṣà, irin ni nǹkan yìí. Báwo ni irin ṣe ń fò?" Ìbéèrè rere ni. N ó dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dúró níbẹ̀. Ohun kan wà lára ọkọ̀ òfurufú tí a kì í rí láti Gouka, nítorí pé nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá lókè orí wa, ó ti pa á dé. Ohun náà ni àlàfo tóóró tí ó máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn apá rẹ̀, àti níwájú apá náà pẹ̀lú. Bí àlàfo yìí bá wà bí ó ti yẹ, ọkọ̀ á gbéra, ọkọ̀ á sì balẹ̀. Bí kò bá wà bí ó ti yẹ, ènìyàn lè kú. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà wa níhìn-ín.

Ọwọ́ lójú fèrèsé

Bí ẹ bá wọ takisí láti Bantè lọ sí Savalou, tí ẹ jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, ẹ na ọwọ́ yín síta díẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ wò ó o, kí alùpùpù má baà máa bọ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Afẹ́fẹ́ á kọjá lórí ọwọ́ àti lábẹ́ rẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Nísinsìnyí, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò sókè díẹ̀. Ọwọ́ yín á gbéra lọ sókè fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ yín ti darí afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ti ti ọwọ́ yín sí òkè.

Bí apá ọkọ̀ òfurufú ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n tẹ apá náà kọdọrọ díẹ̀ ní òkè, kí afẹ́fẹ́ lè lẹ̀ mọ́ ọn bí ó ti ń kọjá, kí ó sì tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn, kí ó wá dà sí ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó kọjá lókè a máa sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó sì ń fa apá náà sókè. Ẹ rántí bí ìjì ṣe ń ṣí páànù orí ilé. Kì í ṣe èyí tí ó wọ abẹ́ páànù nìkan ni ó ṣí i. Èyí tí ó sáré kọjá lórí rẹ̀ náà fà á.

Ẹ ó tún rí ohun kejì nínú takisí yẹn. Bí dẹrẹba bá tẹ iná, ọwọ́ yín á lágbára láti gbéra. Bí ó bá dẹ eré, ọwọ́ á wálẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń gbé apá sókè á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá sì dín kù di ìdajì, agbára náà á ṣẹ́kù ìdá mẹ́rin péré. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ọkọ̀ òfurufú tí ó ń sá 850 kìlómítà ní wákàtí kan lókè kò lè fi eré yẹn balẹ̀. Táyà rẹ̀ á fà ya, títì á sì tán kí ó tó dúró. Ó gbọ́dọ̀ dẹ eré títí tí yóò fi tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ nípọn ju ti òkè lọ, ìyẹn ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Apá tí ó gbé e dáadáa nígbà tí ó ń sáré kò ní lè gbé e mọ́ bí ó bá ń rọra lọ. Kí ni kí á ṣe? Ẹnìkan lè sọ pé, ẹ ṣe apá tí ó tóbi, tí ó tẹ̀ kọdọrọ gan-an. Ó dára nígbà tí ó bá ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà dé òkè, apá ńlá yẹn á máa fà á sẹ́yìn, á sì máa jẹ epo lófo, bí ẹni tí ó wọ agbádá lọ kọ ebè. Ohun tí a ń fẹ́ ni apá tí ó lè kéré, tí ó sì lè tóbi, bí àkókò bá ti rí.

Ẹyẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́

Kí ènìyàn tó ronú kan èyí, àwọn ẹyẹ ti ń ṣe é. Ẹ wo igún nígbà tí ó bá ń rá bàbà lókè. Ìyẹ́ etí apá rẹ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìka ọwọ́, àlàfo sì wà láàrin wọn. Ẹ wo àṣá nígbà tí ó bá fẹ́ bà sórí ẹ̀ka igi. Yóò na apá, yóò tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, yóò sì na ìrù wálẹ̀. Bí ojú yín bá mú, ẹ ó rí i pé ní iwájú apá náà, níbi tí àtàǹpàkò ìbá wà bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ìyẹ́ kékeré kan dìde, àlàfo tóóró sì ṣí láàrin òun àti apá. Bí ó bá ti bà tán, ó pa á dé.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn apá, wọ́n fi ewé irin pẹlẹbẹ kan sí i, tí ó lè sún sẹ́yìn kí ó sì tẹ̀ wálẹ̀. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní volet. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ìlẹ̀kùn fèrèsé onípákó. Níwájú apá, wọ́n fi ewé mìíràn sí i tí ó lè yọ síwájú. Èyí ni wọ́n ń pè ní bec, ìyẹn àgógó ẹyẹ. Nínú ìwé yìí, a ó máa pe ti ẹ̀yìn ní ewé ẹ̀yìn, a ó sì máa pe ti iwájú ní àgógó. Bí méjèèjì bá jáde pátápátá, apá náà lè gbé ohun tí ó tó ìlọ́po méjì èyí tí ó lè gbé ní eré kan náà nígbà tí wọ́n wà ní pípadé.

Èé ṣe tí wọ́n fi dá àlàfo sí i?

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó ń ronú á bi mí ní ìbéèrè yìí. Bí a bá fẹ́ kí apá tóbi kí ó sì tẹ̀, èé ṣe tí wọn kò fi ṣe é ní odindi, kí ó má ní ihò? Ta ni ń kọ́ ilé tí ń fi àlàfo sílẹ̀ lára òrùlé? Àlàfo á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ abẹ́ jò lọ sí òkè, agbára á sì dín kù. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn rò nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo afẹ́fẹ́ tí ó ń kọjá lórí apá. Èyí tí ó jìnnà sí ara apá ń sáré dáadáa. Èyí tí ó súnmọ́ ọn ń fi ara nu irin, eré rẹ̀ sì ń dín kù. Ó dà bí ọjọ́ ọjà nígbà tí ọ̀nà kún. Ẹni tí ó ń rìn ní àárín ọ̀nà ń lọ geerege. Ẹni tí ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ ń fara kan igbá, ó ń fara kan àga, ó ń kí ìyá aláta, kò lè yára. Ní ọdún 1904 ni ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ludwig Prandtl, ṣàlàyé afẹ́fẹ́ tín-ín-rín yìí tí ó lẹ̀ mọ́ ara nǹkan tí ó sì ń rẹ̀.

Ní iwájú apá, rírẹ̀ yẹn kò ṣe nǹkan púpọ̀, nítorí ibẹ̀ dà bí ìdagẹ̀rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ó ń sáré sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárín lọ sí ẹ̀yìn, ó dà bí ẹni pé ó ń gun òkè. Bí apá bá ti tẹ̀ tó ni òkè náà ṣe ga tó. Ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ rí. Bí ẹ bá fi eré sọ̀kalẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀, eré yẹn lè gbé yín gun òkè kékeré tí ó kàn. Bí òkè náà bá ga jù, kẹ̀kẹ́ á dúró ní agbede méjì, á sì fẹ́ padà sẹ́yìn. Bákan náà ni afẹ́fẹ́ tí ó ti rẹ̀. Yóò dúró, yóò yí padà, yóò sì já kúrò lára apá. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá já báyìí, kò darí sí ìsàlẹ̀ mọ́, agbára tí ó ń gbé ọkọ̀ sókè á sì dín kù lójijì. Ẹ̀rọ lè máa ké, ọkọ̀ á ṣì máa wálẹ̀.

Níbi yìí ni àlàfo ti wúlò. Bí wọ́n bá gé apá náà sí méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n sì fi àlàfo tóóró sáàrin, òkè ńlá kan á di òkè kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tí ó gun orí apá náà kò ní láti gun dé òpin òkè, nítorí ewé ẹ̀yìn wà níbẹ̀ tí ó ń fà á lọ pẹ̀lú eré. Ewé ẹ̀yìn náà kò sì lo afẹ́fẹ́ tí ó ti rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tuntun ni ó ń gba àlàfo wọlé tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ó dà bí àáró. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní kí òun kọ ebè oko ńlá kan tán ní ọjọ́ kan, kò ní tíì dé ìdajì kí ẹ̀yìn tó dùn ún. Bí ẹni mẹ́ta bá pín in, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ibi tirẹ̀ pẹ̀lú agbára tuntun, oko á tán kí oòrùn tó wọ̀.

Àwọn ìwé àtijọ́ kan máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ tí ó gba àlàfo kọjá ń fi agbára kún èyí tí ó ti rẹ̀, ìyẹn nìkan. Ará Amẹ́ríkà kan, A. M. O. Smith, tẹ ìwé kan jáde ní 1975 tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni bí ewé kan ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́, ti iwájú ń dáàbò bo orí ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn sì ń fa afẹ́fẹ́ ti iwájú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mú ọ̀rọ̀ àáró àti ti òkè kékeré wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni méjì ni ó kọ́kọ́ gbé àlàfo yìí jáde, ẹnìkínní kò mọ̀ pé ẹnìkejì ń ṣe é. Ọ̀kan ni Gustav Lachmann, ará Jámánì. Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ já ní 1917 nítorí pé afẹ́fẹ́ já lára apá rẹ̀. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti ń ro ohun tí ìbá ti gba òun là. Nígbà tí ó gbé èrò rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ní 1918 kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní apá tí ó ní àlàfo kò lè gbé nǹkan. Èkejì ni Frederick Handley Page ní Ìlú Ọba, ẹni tí ó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú tà. Ní 1920 ó fi han àwọn ènìyàn ní gbangba, ojú wọn sì rí i. Nígbà tí wọ́n dán ti Lachmann náà wò, ó yọrí sí rere. Kàkà kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn ṣe ẹjọ́, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣọ̀kan, Lachmann sì lọ bá Handley Page ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Báwo ni àlàfo náà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó?

Kò fẹ̀ rárá. Bí ẹ bá wọn apá láti iwájú dé ẹ̀yìn, àlàfo ewé ẹ̀yìn a máa tó ìdá 1 nínú 100 tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí apá bá fẹ̀ ní mítà 3, àlàfo náà á tó sàǹtímítà 3 tàbí 4. Ẹ fi ìka méjì papọ̀, ẹ ó rí bí ó ṣe mọ. Ọkọ̀ tí ó wúwo ju ọgọ́rùn-ún màlúù lọ, ìka méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé lórí bí ó bá ń balẹ̀!

Bí àlàfo náà bá há jù, afẹ́fẹ́ tí ó rẹ̀ láti ara apá àti èyí tí ó ń rẹ̀ lára ewé ẹ̀yìn á dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Yóò wá dà bí ẹni pé kò sí àlàfo rárá, wọn á sì já papọ̀. Bí ó bá fẹ̀ jù, àwọn ewé náà á jìnnà sí ara wọn, ìkínní kò ní lè ran ìkejì lọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ ti mọ̀, alábàáṣe àáró tí ó wà ní oko mìíràn kò wúlò fún yín.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ewé náà kì í dúró sójú kan. Bí ó bá tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n àlàfo tí ó yẹ ẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ ẹ́ nígbà tí ó bá tẹ̀ gan-an. Nítorí náà, wọ́n ṣe irin kan sábẹ́ apá bí ojú irin rélùwéè, èyí tí ewé ẹ̀yìn ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré yí lórí rẹ̀. Ojú irin yìí ni ó ń pinnu bí ewé yóò ṣe sún sẹ́yìn, ibi tí yóò ti tẹ̀, àti bí àlàfo yóò ti fẹ̀ tó ní ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wo abẹ́ apá ọkọ̀ òfurufú ńlá, ẹ ó rí àwọn nǹkan gígùn tí ó rí bí ọkọ̀ ọpọ́n kékeré. Inú wọn ni ojú irin náà wà. Irin gígùn kan ń yí skúrù ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì papọ̀, kí méjèèjì lè ṣí bákan náà. Bí ti ọ̀tún bá ṣí tí ti òsì kò sì ṣí, ọkọ̀ lè dojú dé. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan wà tí ó ń dá wọn dúró bí ó bá rí i pé wọn kò bára mu. Àwọn mẹ́káníìkì a sì máa yẹ̀ wọ́n wò. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó jẹ, tàbí rọ́bà etí ewé tí ó ya, lè ba ìwọ̀n náà jẹ́.

Ọkọ̀ Boeing 727, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1963, ní ewé ẹ̀yìn tí ó pín sí mẹ́ta, àlàfo mẹ́ta ni ó sì ní lẹ́yìn. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè lo títì tí kò gùn. Ṣùgbọ́n irin tí ó gbé ewé mẹ́ta wúwo, títọ́jú rẹ̀ sì gba owó. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti gba ọ̀nà mìíràn. Lórí apá, níwájú ewé ẹ̀yìn, pátákó irin kan wà tí ó máa ń dìde lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí apá má baà gbé ọkọ̀ padà sókè. Lára Boeing 787 àti Airbus A350, pátákó yìí tún lè tẹ̀ wálẹ̀ bí ewé ẹ̀yìn bá ti ń tẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń darí rẹ̀ kí àlàfo láàrin wọn lè wà bí ó ti yẹ. Báyìí, ewé kan ṣoṣo tó, kò sí pé à ń kó irin púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Ethiopian Airlines ni ó kọ́kọ́ gba méjèèjì ní Áfíríkà, Boeing 787 ní 2012, A350 ní 2016.

Nígbà tí ó bá kùnà

Ní ọjọ́ 20 oṣù November 1974, ọkọ̀ Boeing 747 ti Lufthansa, ilé iṣẹ́ Jámánì, gbéra ní Nairobi ní Kenya. Èrò àti òṣìṣẹ́ 157 ni ó wà nínú rẹ̀. Ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ti jáde bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgógó iwájú, afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ ni ó ń tì wọ́n jáde, ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà sì wà ní títì. Àgógó kò jáde. Àwọn awakọ̀ kò mọ̀. Ọkọ̀ sáré, ó gbéra díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lè gòkè mọ́. Ó wálẹ̀ kọjá òpin títì, iná sì sọ. Ènìyàn 59 kú. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó fi agbára àlàfo hàn kedere tó èyí. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, apá kò ṣẹ́, ewé tí kò jáde níwájú apá ni ó pa ènìyàn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ohun ìkìlọ̀ kún irú ọkọ̀ yẹn, kí awakọ̀ lè mọ̀ kí ó tó gbéra.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù October 2013, ọkọ̀ kékeré Embraer 120 ti Associated Airlines gbéra ní Èkó. Ó ń gbé òkú Olóyè Olúṣẹ́gun Àgàgù, tí ó ti jẹ́ gómìnà Oǹdó, lọ sí Àkúrẹ́. Kí ọkọ̀ tó sáré dáadáa lórí títì ni ohùn inú rẹ̀ ti ń kìlọ̀ léraléra pé kí wọ́n wo ewé ẹ̀yìn. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọ̀tún náà kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Àwọn awakọ̀ kò dúró. Ọkọ̀ náà kò gòkè lọ títí kí afẹ́fẹ́ tó já lára apá rẹ̀, ó sì já nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn 20 tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Olùwádìí ìjọba Nàìjíríà kọ ọ́ pé ti abẹ̀bẹ̀ ni ó fa ìjàǹbá náà, àti pé àwọn awakọ̀ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ yẹn.

Èyí tí ó kù ni ti ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà á rántí Kérésìmesì 2003. Ní ọ̀sán ọjọ́ 25 oṣù December, Boeing 727 ilé iṣẹ́ UTA láti Guinea fẹ́ gbéra ní Kútọ̀nù, ní Cadjèhoun. Beirut ni ó ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú èrò rẹ̀ sì jẹ́ ará Lẹ́bánónì tí ń lọ ṣe ọdún nílé. Títì Kútọ̀nù gùn ní mítà 2,400, òkun sì wà ní iwájú. Àwọn awakọ̀ ṣí ewé ẹ̀yìn dé dígírì 25, èyí tí ó pọ̀ jù tí a lè fi gbéra lára ọkọ̀ yẹn. Àlàfo wà ní ipò rẹ̀. Kí ló wá dé? Ẹrù ni. Àwọn awakọ̀ rò pé ọkọ̀ náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 78. Àwọn olùwádìí BEA ti Faransé, tí wọ́n bá Benin ṣe ìwádìí, ṣírò rẹ̀ sí tọ́ọ̀nù 85 àti ààbọ̀. Tọ́ọ̀nù 7 àti ààbọ̀ ni ó lé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti pọ̀ tó, ó jẹ́ àpò àgbàdo 75 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kílò. Ẹrù náà sì pọ̀ sí iwájú ju bí àwọn awakọ̀ ti mọ̀ lọ, imú ọkọ̀ kò fẹ́ gbéra. Ó lo títì tán, ó fi ara gbá ilé kékeré kan tí ó wà ní òpin títì, ó sì já sí etíkun. Ènìyàn 141 kú.

A mọ bí a ṣe ń di ẹrù sórí takisí ní ọ̀nà tiwa. Iṣu wà lókè, ewúrẹ́ wà lẹ́yìn, ènìyàn mẹ́rin fún pọ̀ sórí àga méjì. Takisí tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù á rọra gun òkè, èrò á sọ̀kalẹ̀ tì í. Ọkọ̀ òfurufú kò lè rọra fò. Bí wọ́n bá ti ṣí gbogbo ewé dé ibi tí ó yẹ, tí ẹrù sì ju ohun tí ewé náà lè gbé lọ, kò sí ohun tí awakọ̀ lè fi kún un mọ́. Bí ó bá ṣí ewé náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á máa fà á sẹ́yìn, kò ní lè sáré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé àpótí yín sórí òṣùwọ̀n ní pápá ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n sì ń ka kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bá wọn jà, ẹ má sì ṣe fi òmíràn pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀bá apá

Bóyá ẹ ó wọ ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ kan, láti lọ sí Mẹ́kà tàbí láti lọ bẹ ọmọ yín wò nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní àga tí ó wà lẹ́yìn apá díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ ó rí ewé ẹ̀yìn tí yóò sún jáde díẹ̀. Bí ẹ bá ti gòkè, yóò wọlé padà díẹ̀díẹ̀ títí apá á fi dán geere.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ wá sí Kútọ̀nù, ẹ ó gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù lè ba ẹni tí kò mọ̀. Ewé ẹ̀yìn ni ó ń jáde. Yóò dúró, yóò tún jáde, yóò tẹ̀ wálẹ̀, apá náà á sì dà bí ẹni pé ó ń ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ya. Lára ọkọ̀ mìíràn, bí ẹ bá wo àárín ewé àti apá dáadáa, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tóóró, ẹ sì lè tibẹ̀ rí òrùlé ilé àti omi ọ̀sà nísàlẹ̀. Bí táyà bá ti kan ilẹ̀, pátákó orí apá á dìde wùù, ọkọ̀ á sì jókòó le lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó tó dé ibi tí èrò ti ń sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ á ti fa ewé náà wọlé, àlàfo á sì ti pa dé.